Ìlà Kẹrin Nínú Ìwé Ìran

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Adéyẹ́misí fi kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìfọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí irú orúkọ tí kò tíì kọ: ọmọ tí bàbá méjì ń jà lé lórí, ọmọ tí kò ní bàbá kankan, ìbejì tí bàbá wọn ní ẹyọ kan ṣoṣo ni òun mọ̀ nípa rẹ̀. Bákan náà ló ń kọ gbogbo wọn, lẹ́tà gbọnrangandan, kò sì sí ẹni tó lè jáde sọ pé Màmá Ṣèyí, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, ṣi orúkọ òun kọ rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Nígbà tó kó wá sí Mówè, tí ìjọ fi í ṣe olùkọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ibi tí àwọn olùkọ́ yòókù máa ń fò nínú Bíbélì gan-an ló fẹ́ràn jù: ibi tí Lágbájá ti bí Tàmẹ̀dò, tí Tàmẹ̀dò bí Làkáṣègbè, títí ojú ìwé yóò fi kún.

"Ẹ wò ó," ni ó máa ń wí, "àwọn tó kọ ìwé yìí ò fi nǹkan kan bò. Ákánì tó jalè tó kó bá gbogbo Ísírẹ́lì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ láàrin àwọn ẹbí rẹ̀. Támárì tó bí ìbejì fún bàbá ọkọ rẹ̀, òun náà wà níbẹ̀, inú ìbejì yẹn sì ni ìran Dáfídì ti jáde. Tó bá jẹ́ àwa la ni ká kọ ọ́, à bá ti pa wọ́n rẹ́ pátá, kó lè jọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí babańlá wa ló ti ń wọ aṣọ funfun. Ọlọ́run kì í yọ èèyàn kúrò nínú ìwé nítorí pé ó rùn."

Ẹ̀kọ́ náà dùn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Òun náà ló sì kó o sí wàhálà.

Pásítọ̀ Ọláwuyì ló dá ìjọ náà sílẹ̀, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń kó sìmẹ́ǹtì sí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọ̀nà márosẹ̀. Ó mọ aṣọ wọ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì ní àṣà kan: bó bá ti bọ èèyàn lọ́wọ́ tán, yóò yọ ike oògùn ìfọwọ́ kékeré kan nínú àpò, yóò fi ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí Adéyẹ́misí ti ń rí i. Ó kàn ń gbójú kúrò ni. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, Pásítọ̀ kéde ogójì ọjọ́ ìdáǹdè ìran. Ó ní àwọn àlùfáà kan ti Bábílónì bọ̀, wọ́n wá orúkọ ìdílé wọn nínú ìwé, wọn ò rí i, bí wọ́n ṣe lé wọn kúrò nídìí pẹpẹ nìyẹn. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ìran rẹ̀, ìbùkún ò ní mọ̀nà ilé rẹ̀. Ó wá pín fọ́ọ̀mù onílà méje, ẹyọ kan fún ilé kan. Ìlà kìn-ín-ní, ìwọ fúnra rẹ. Ìkejì, bàbá rẹ àti ohun tó ṣe láyé. Ìkẹta, ìyá rẹ. Ìkẹrin, bàbá ìyá rẹ. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkeje. Ó dúró lórí pẹpẹ, ó búra pé Ọlọ́run àti òun nìkan ni yóò rí i, àti pé bí òun bá ti gbàdúrà lé e tán, òun yóò sun ún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Olúwadárasími wá bá Adéyẹ́misí nílé. Aránṣọ ni Dárasími, ọmọ Ìkirè, ó háyà yàrá kan lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin, kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú Dáníẹ́lì, ọmọ Díkónẹ́sì Mọ́láyọ̀ tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Ìbàfò. Ó kúnlẹ̀, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ìlà kẹrin yìí ló dá mi dúró. Mi ò mọ bàbá ìyá mi o. Wọn ò sọ ọ́ rí títí wọ́n fi kú. Ṣé kí n kàn wá orúkọ kan fi síbẹ̀ ni, kó má bàa jọ pé mi ò nílé?"

"Má parọ́ o," ni Adéyẹ́misí wí. "Kọ ọ́ pé o ò mọ̀. Ẹni tó ní òun ò mọ̀, òótọ́ lòun náà sọ."

Ọmọ náà kọ ọ́ níwájú rẹ̀: Mi ò mọ̀.

Fọ́ọ̀mù mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló padà wá. Pásítọ̀ ní òun ò lè ka ìwé àwọn ará òun, àfi bí ẹni pé adìẹ ló fẹsẹ̀ ha á. Ó bẹ Adéyẹ́misí pé kí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ sínú rẹ́jísítà ńlá kan, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dákẹ́. Ìyìn yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sán mẹ́ta ló fi jókòó ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ ní Ìfọ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀: ojú ń rí i, ọwọ́ ń kọ ọ́, ọkàn ti lọ síbòmíràn. Ó mú ti Dáníẹ́lì àti ti Dárasími papọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó kọ wọ́n sí ojú ìwé tó kọjú síra. Inú rẹ̀ tún dùn sí èrò yẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ rí ìran. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú, máíkì lọ́wọ́, ó dijú pẹ́ẹ́.

"Mo rí iná! Mo rí ilé kan tó ń jó ní Ibogun! Ọmọdé kan ń ké nínú rẹ̀! Ta ló sọ iná sí i? Ọkùnrin kan ni. Mùtàlíbù! Ẹ̀wọ̀n ló kú sí! Àpá iná yẹn wà lára ẹnìkan nínú ilé yìí, ìyàwó àfẹ́sọ́nà ni. Olúwadárasími, jáde wá!"

Dárasími jáde. Ó ní, "Ibogun kẹ̀, sà? Mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Ibogun."

"Ẹ̀mí kì í purọ́! Bi ìyá rẹ!"

Ìyá tó ti kú. Gbogbo ìjọ hó yèè. Nínú ìlà ìjókòó kejì, Díkónẹ́sì Mọ́láyọ̀ fọwọ́ lérí, ó ké, "Jésù o!", ó sì mú ọmọ rẹ̀ ní apá bí ẹni pé iná náà ti fẹ́ ràn án. Dáníẹ́lì wo ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti wọ orí wọ́ọ̀tsáàpù ìjọ: ìdílé Dáníẹ́lì ò ṣe mọ́, wọn ò lè kó iná wọlé.

Ibogun ni kò jẹ́ kí Adéyẹ́misí sùn. Ẹ̀bá Ìfọ̀ ni Ibogun wà; Ibogun mélòó ló wà ní Ìkirè tí Dárasími ti wá? Lọ́jọ́ Ajé yẹn náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ó ṣí rẹ́jísítà. Ojú ìwé Dárasími, ìlà kẹrin: Mùtàlíbù, ará Ibogun, dáná sun ilé aládùúgbò, ọmọ kan kú sínú rẹ̀, ó kú sẹ́wọ̀n. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, gbọnrangandan. Ó wo ojú ìwé Dáníẹ́lì tó kọjú sí i. Ìlà kẹrin: Mi ò mọ̀.

Ó fa páálí omi kan jáde lábẹ́ tábìlì. Inú rẹ̀ ni gbogbo fọ́ọ̀mù wà, wọ́n pé pérépéré, kò sí èyí tí iná fọwọ́ kàn. Ó wá ti Dárasími: Mi ò mọ̀. Ó wá ti Dáníẹ́lì, tí ìyá rẹ̀ bá a kọ: Mùtàlíbù, bàbá mi, ará Ibogun.

Ìtìjú ló kọ́kọ́ bò ó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n láìṣi orúkọ kọ, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bàbá oníbàbá lé ọmọ aláìlẹ́bí lórí. Ìtìjú náà ò tíì jókòó tán tí ìríra fi dé. Ẹ̀mí wo ló ń ka àṣìkọ òun? Ohun tí òun ṣì kọ ni Pásítọ̀ dijú rí. Ó wá rántí Mọ́láyọ̀. Mọ́láyọ̀ gbọ́ orúkọ bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó gbọ́ ọ, ó sì fọwọ́ lérí, ó ń ké Jésù. Adéyẹ́misí sáré jáde, ó bì sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó padà wọlé, Pásítọ̀ ti jókòó, ó ń bó ẹ̀pà sísè sórí ìwé ìròyìn ìjọ. Ó fi rẹ́jísítà àti fọ́ọ̀mù Dárasími hàn án. Pásítọ̀ wò wọ́n, ó sì ń jẹun lọ.

"Mọ́mì, Ẹ̀mí Mímọ́ lè gba inú ìwé kọjá o."

"Ẹ̀mí Mímọ́ tó ń ṣi ìwé kà, sà?"

"Ẹ rọra." Ó tu èèpo ẹ̀pà kan sọ́wọ́. "Ọmọ yẹn fẹ́ lọ́kọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá rí omi. Màá ní Ọlọ́run ti bu omi pa iná náà. Wọ́n á ṣègbéyàwó, gbogbo wa á jẹ ìrẹsì. Kí ló tún kù?"

"Òótọ́ ló kù, sà. Wọ́n á ṣì máa pè é ní ọmọ apànìyàn."

"Ta ló máa rántí?"

Ẹní ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Adéyẹ́misí rò ó, kò sọ ọ́. Ó wo bí ọkùnrin náà ṣe yọ ike oògùn ìfọwọ́, tó da díẹ̀ sọ́wọ́, tó ń rà á láàrin ìka, ó sì yé e lọ́jọ́ náà pé láti ìgbà yìí wá, àwọn ará ìjọ ló ń nù kúrò lára. Ó gbé rẹ́jísítà kúrò lórí tábìlì, ó gbá a mọ́ abíyá. Pásítọ̀ rò pé ó fẹ́ lọ tún àṣìkọ ṣe ni, ó ní, "Ọlọ́run á bù kún yín."

Ó gba yàrá Dárasími lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, ètè ọmọ náà ti bó. Ó ti ń gbààwẹ̀, kò sì tíì fi omi kan ẹnu láti àárọ̀.

"Mo ti ń gbà á mọ́ra, Mọ́mì," ni ó wí. "Mo ní bóyá ìdí tí ìyá mi ò fi sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ tó kú sínú ilé yẹn ni mò ń gbàdúrà fún. Mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ, kí n lè máa rí nǹkan pè é."

"Iná yẹn kì í ṣe tìrẹ," ni Adéyẹ́misí wí. "Èmi ni mo ṣì í kọ. Dìde, lọ mumi."

Dárasími dìde, ó bu omi. "Ta wá ló ni ín?"

"Jẹ́ kí ẹni tó ni ín sọ ọ́. Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ọjọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàfò. Mọ́láyọ̀ ń fi àáké gé ẹja dídì, omi ẹja ń ṣàn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe rí rẹ́jísítà lábẹ́ apá Adéyẹ́misí, ó sọ àáké sílẹ̀, ó fà á wọlé sẹ́yìn fírísà, ó kúnlẹ̀ sínú omi náà.

"Ẹ ṣàánú mi, mà. Nígbà tí wọ́n pe Mùtàlíbù, mo ti ń múra láti dìde. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń pè. Ni wọ́n bá dárúkọ ẹlòmíì. Mo ní, áà, Ọlọ́run ti gbé e kúrò lórí mi."

"Ó dáa. Ìgbéyàwó ńkọ́? Kí ló dé tó o tún fi tú u ká?"

"Tí mi ò bá tú u ká, ṣé wọn ò ní bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rù iná ò bà mí?" Mọ́láyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Dáníẹ́lì ò mọ̀, mà. Ẹ wò ó, ọmọ yẹn ò kúkú lẹ́nìkan. Ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé rẹ̀? Èmi ní ọmọ mẹ́ta, mo ní oyè nínú ìjọ."

Adéyẹ́misí ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi nídìí kàǹtà ní Ìfọ̀. Bàbá ti sẹ́ ọmọ lójú rẹ̀ rí. Àmọ́ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rùn tó èyí, òórùn ẹja gan-an dára jù ú lọ. Ó fa aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Orúkọ bàbá rẹ ò rí mi lára, Mọ́láyọ̀. O kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi bò, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọ nítorí ìyẹn. Ìwọ alára lo rí mi lára. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fún ọ. Sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Wọ́n kọrin, Mọ́láyọ̀ ò sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ́rìí, Mọ́láyọ̀ ò sọ̀rọ̀, gèlè rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ó kan Adéyẹ́misí láti ka Bíbélì. Ó gbé rẹ́jísítà lọ síbi ìkàwé dípò Bíbélì. Pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí àga rẹ̀, nítorí pé ìran omi tó fẹ́ rí ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará," ni Adéyẹ́misí wí, "èmi ni mo tún fọ́ọ̀mù yín kọ sínú ìwé yìí. Ẹni tó búra pé òun nìkan ló máa rí i ló gbé e fún mi, èmi náà sì gbà á. Mo tọrọ àforíjì. Níbi ìlà kẹrin Olúwadárasími, ohun tí ọmọ yìí kọ ni 'mi ò mọ̀'. Èmi ni mo ṣi Mùtàlíbù kọ síbẹ̀. Kì í ṣe bàbá ìyá rẹ̀. Àṣìkọ mi ni Pásítọ̀ rí, kì í ṣe ìran."

Pásítọ̀ ti dìde, ó fọwọ́ pe ẹni tó ń tẹ dùùrù, dùùrù dún díẹ̀, ó sì tún dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Mọ́mì!" ni Pásítọ̀ wí sínú máíkì. "Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ta ló ni ín? Ẹ dárúkọ rẹ̀!"

Adéyẹ́misí pa rẹ́jísítà dé, ó gbé e mọ́ àyà. "Ẹ̀mí tó fi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá hàn yín, sà, kó fi tòní náà hàn yín."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òógùn yọ níwájú orí Pásítọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń rìn láàrin ìjókòó, ó ń wo ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e lé. Ojú rẹ̀ kọjá lára àwọn tó wọṣọ olówó, ó kọjá lára Díkónẹ́sì Mọ́láyọ̀. Níkẹyìn, ó dúró níwájú ìyá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, opó tí kò lọ́mọ. Ó na ọwọ́ sókè. Ìyá náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó gbọ́ ohun tó fẹ́ wí.

"Bàbá mi ni!"

Mọ́láyọ̀ ló dìde. Gèlè rẹ̀ ti ṣubú. "Ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀. Bàbá mi ni Mùtàlíbù. Mo mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Dáníẹ́lì wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àjèjì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì lọ síbi tí Dárasími jókòó sí. Ìyá kúnlẹ̀, ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń wí fún un pé, dárí jì wọ́n, ìgbéyàwó ò tíì bọ́, Ọlọ́run ti dá ọ láre.

Dárasími rọra yẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ó lọ bá Adéyẹ́misí níwájú, ó tọrọ báírò. Ó ṣí rẹ́jísítà sí ojú ìwé tirẹ̀. Ó fàlà sí ìlà kẹrin lórí, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ẹni tí kò pẹ́ nílé ìwé: Mi ò mọ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Mọ́láyọ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àgbà ni.

"Mà, ǹ bá fẹ́ ọmọ ọmọ Mùtàlíbù. Mọ́mì ti kọ́ wa pé irú wọn wà nínú ìwé, ìwé ò sì bàjẹ́. Mo ti ń gbàdúrà fún un gan-an, èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó jókòó, tó ń wo iná lára mi, tó mọ̀ pé ilé òun ló ti wá, mi ò lè pè é ní ìyá."

Ó wo Dáníẹ́lì. "Ìwọ náà, ilẹ̀ lo wò."

Ó dá báírò padà fún Adéyẹ́misí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà lọ sílé.